Òkúta tó ń jẹ ẹ̀rọ: bí a ṣe ń yẹ gbogbo bátìrì inú ilé wò nígbà ìwọ́wé

Bí ẹ bá ṣí ẹ̀yìn rédíò tó ti wà nínú àpótí láti ọdún tó kọjá, tí ẹ sì bá ìyẹ̀fun funfun bí iyọ̀ tó ti dì mọ́ síprìńgì rẹ̀, ẹ má wulẹ̀ sọ pé rédíò náà ti gbó. Rédíò kò ṣe nǹkan kan. Òkúta tí wọ́n gbàgbé sínú rẹ̀ ló ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò tó. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún tọ́ọ̀ṣì, rìmóòtù, kámẹ́rà àtijọ́ àti ohun ìṣeré ọmọdé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń dà nù pé wọ́n ti bà jẹ́, òkúta ló bà wọ́n jẹ́, kì í ṣe ọjọ́ orí. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́dún tó fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan kí èyí má bàa ṣẹlẹ̀.

Níbi tí ìgbà ìwọ́wé bá wà, ìgbà náà ló dára jù fún àyẹ̀wò yìí. Ìgbà yẹn ni ohun tí à ń lò níta nígbà ooru ń wọ inú àpótí lọ, tí tọ́ọ̀ṣì àti iná kẹ̀kẹ́ sì ń jáde nítorí pé ilẹ̀ ti ń tètè ṣú. Èyí tó ń wọlé, kí ẹ yọ òkúta rẹ̀ sílẹ̀. Èyí tó ń jáde, kí ẹ fún un ní òkúta tó dáa. Ìgbà yẹn náà ni wọ́n ń dá aago padà sẹ́yìn ní wákàtí kan: ní àwọn orílẹ̀-èdè Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹwàá ni; ní ọ̀pọ̀ ibi ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù Kọkànlá ni. Bí ẹ bá ti gun àga láti yí ọwọ́ aago ògiri, ìdí òkúta rẹ̀ lẹ wà yẹn. Ẹni tó ń gbé níbi tí ewé kì í wọ́ bẹ́ẹ̀, kó mú ọjọ́ kan tí kò ní gbàgbé.

Ohun tí ẹ ó kó jọ

Ẹ wá mítà tí àwọn oníṣẹ́ iná fi ń wọn iná. Èyí tó kéré jù lọ náà ti tó. Ẹ wá fínígà funfun, ṣíbí ìjẹun méjì péré, àti sípíríìtì tí wọ́n kọ 90% tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí lára. Ẹ tún nílò igi olówùú tí a fi ń nu etí, bíi ogún, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó, igi pẹlẹbẹ kan, ìbọ̀wọ́ rọ́bà, awò tó bo ojú, pépà ìyún tó kúnná (nọ́ńbà 400 tàbí 600), sẹ́lótéèpù, bírò tí omi kì í pa rẹ́, àti ike olómorí kan fún òkúta tó ti kú.

Lẹ́yìn náà, ẹ yí ilé ká. Gbogbo èèyàn ló ń rántí tọ́ọ̀ṣì àti rìmóòtù. Èyí tí wọ́n ń gbàgbé ni òṣùwọ̀n ilé ìdáná, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìgbóná ara, ẹ̀rọ ìfúnpá, aago ẹnu ọ̀nà, máòsì tí kò ní wáyà, ẹ̀rọ ìṣirò, àti rìmóòtù kejì tó wà nísàlẹ̀ dúrọ́ọ̀. Ẹ kó wọn sórí tábìlì kan ṣoṣo, kí ẹ tẹ́ ìwé ìròyìn sí abẹ́ wọn.

Ìdí tí òkúta fi ń tú

Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára òkúta kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Lára èyí tó tóbi bí ìka, tí wọ́n ń pè ní AA, ẹ ó rí ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí: R6, LR6, FR6 tàbí HR6. Lẹ́tà tó ṣáájú nọ́ńbà náà ló ń sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. R6 tí kò ní lẹ́tà mìíràn níwájú ni òkúta síńkì àti èédú, èyí tí wọ́n sábà máa ń kọ Heavy Duty sí lára. LR6 ni alkaline. FR6 ni ti lithium tí kò ṣe é ṣáàjì. HR6 ni èyí tó ṣe é ṣáàjì. Ti AAA náà rí bẹ́ẹ̀, R03 ló máa wà nípò R6.

Nínú alkaline, ìyẹ̀fun síńkì àti manganese dioxide ló wà, omi tó so wọ́n pọ̀ sì ni potassium hydroxide. Omi yìí bá omi eérú tí wọ́n fi ń se ọṣẹ tan: ó ń yọ̀ bọ̀rọ́ lọ́wọ́, ó sì ń jó ara. Bí òkúta bá ti ń kú lọ, síńkì ń tú gáàsì hydrogen sílẹ̀ nínú rẹ̀. Gáàsì náà ń pọ̀, ó ń ti ìdérí òkúta láti inú, títí ìdérí yóò fi jìn ní ìhà ìdí, níbi tí àmì − wà. Omi yóò jáde, yóò bá afẹ́fẹ́ carbon dioxide pàdé, yóò sì di ìyẹ̀fun funfun yẹn.

Ohun mẹ́ta ló máa ń fà á. Àkọ́kọ́ ni pé òkúta ti kú, wọn kò sì yọ ọ́. Rìmóòtù àti ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí a rò pé a ti pa ṣì ń mu iná díẹ̀díẹ̀, nítorí náà òkúta inú wọn lè tán pátápátá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ bọ́tìnì kankan. Èkejì ni pípo tuntun mọ́ ògbólógbòó. Nínú tọ́ọ̀ṣì olókùúta mẹ́ta, bí ọ̀kan bá ti rẹ̀, tí méjì ṣì lágbára, méjì yẹn yóò máa ti iná gba inú ẹni tó ti rẹ̀ kọjá, títí yóò fi yí pa dà, tí + rẹ̀ yóò di −. Òkúta tó bá dé ipò yẹn kò ní pẹ́ tú. Ẹ̀kẹta ni ooru: orí ẹ̀rọ amóoruwá, inú ọkọ̀ tí wọ́n páàkì sínú oòrùn, fèrèsé tí oòrùn ń kọjú sí.

Ti síńkì àti èédú yàtọ̀ díẹ̀. Agolo síńkì fúnra rẹ̀ ni òkúta yẹn ń jẹ láti ṣe iná, nítorí náà bó bá ṣe ń kú ni agolo ń fẹ́lẹ́ sí i, títí yóò fi lu. Èyí ló fi jẹ́ pé R6 tètè ń tú ju àwọn yòókù lọ, kò sì yẹ kó wà nínú ohun tó níye lórí.

Bí a ṣe ń fọ ibi tí òkúta tú sí

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣi iṣẹ́ ṣe, nítorí náà ẹ jẹ́ ká rọra lọ.

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti awò. Bí omi òkúta bá ta sí ojú, omi tó ń ṣàn ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́ fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 15, lẹ́yìn náà kí ẹ lọ rí dókítà, ì báà ṣe pé ìrora ti lọ.

Ẹ yọ òkúta náà. Bó bá ti lẹ̀, ẹ dojú ẹ̀rọ dé, kí ẹ máa fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a pẹ́pẹ́. Bó bá ṣì kọ̀, ẹ ti igi pẹlẹbẹ bọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ẹ fi gbé e. Ẹ má lo ọ̀bẹ tàbí irin kankan, ẹ má sì gbé e sí iná kó lè rọ̀. Nínú tọ́ọ̀ṣì onírin gígùn, òkúta tó ti wú lè há débi pé kò ní jáde mọ́. Ẹ lè rọ fínígà díẹ̀ sínú irú èyí láti ẹ̀yìn, kí ẹ fi sílẹ̀ fún bíi wákàtí kan kí ẹ tún tó gbá a. Tọ́ọ̀ṣì onírin tí kò ní nǹkan mìíràn nínú nìkan lẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Ẹ má da fínígà sínú rédíò tàbí rìmóòtù láéláé.

Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá ìyẹ̀fun tó bá ṣe é gbá kúrò sórí ìwé ìròyìn. Ẹ má fẹ́ ẹ lẹ́nu, torí yóò fò wọ imú àti ojú.

Ó wá kan fínígà. Ẹ ti orí igi olówùú bọ̀ ọ́, ẹ fún un kó má máa kán, kí ẹ fi tẹ ibi tó funfun. Ẹ ó gbọ́ ọ tó ń dún ṣììì, ẹ ó sì rí i tó ń hó bí ọṣẹ. Ohun kíkan ń pa omi eérú náà ni. Ẹ jẹ́ kó hó tán, ẹ nù ún, kí ẹ mú igi olówùú tuntun tún ṣe é. Ìgbà tí fínígà kò bá hó mọ́ ni iṣẹ́ náà parí, kì í ṣe ìgbà tí ibẹ̀ bá mọ́ lójú. Ibi tí wọ́n ń gbàgbé ni ẹ̀yìn síprìńgì, níbi tí ó ti wọ inú ike. Ẹ fi orí igi olówùú tí ẹ ti fún tẹ́ẹ́rẹ́ wọ ibẹ̀.

Bó bá jẹ́ R6 ló tú, fínígà kọ́ lẹ ó lò. Ohun kíkan ló wà nínú ìyẹn fúnra rẹ̀. Ẹ po baking soda, ṣíbí kékeré kan, mọ́ ṣíbí ìjẹun mẹ́ta omi, kí ẹ fi èyí ṣe iṣẹ́ kan náà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi igi olówùú tí ẹ ti fi omi díẹ̀ pa nù ún lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ wá fi sípíríìtì nù ún lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má fo èyí, nítorí fínígà tó bá kù sórí irin yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ irin náà, yóò sì dà bí ẹni pé òkúta tún tú. Ẹ ṣí i sílẹ̀ fún wákàtí kan ó kéré tán kó gbẹ.

Ẹ wo irin náà nísinsìnyí. Bó bá ń dán, ó parí. Bó bá ti di dúdú tàbí àwọ̀ ewé, ẹ fi pépà ìyún há a lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí mẹ́rin títí yóò fi dán, kí ẹ má ṣe há a débi pé ohun dídán tí wọ́n fi bò ó yóò ṣí kúrò tán, torí irin tó wà lábẹ́ rẹ̀ yóò tètè dógùn-ún. Bí síprìńgì bá ti jẹ débi pé ó já nígbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́, wọ́n ní láti pààrọ̀ rẹ̀.

Bí ẹ bá ṣe gbogbo èyí, tí ẹ̀rọ ṣì kọ̀ tí kò jí, ẹ wo wáyà tó so síprìńgì mọ́ pátákó inú rẹ̀. Omi òkúta máa ń gba abẹ́ rọ́bà wáyà lọ bí òwú fìtílà ṣe ń fa epo. Ẹ bó rọ́bà náà díẹ̀: bí wáyà inú rẹ̀ bá dúdú, tí kò pupa bí bàbà mọ́, kò sí fínígà tó lè gbà á. Ẹ gé e kúrò kí ẹ fi òmíràn jó o mọ́ ọn. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò: ìyẹ̀fun tó wà lórí síprìńgì nìkan, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, èyí tó ti dé pátákó, iṣẹ́ oníṣẹ́ ni.

Èyí tó kú, èyí tó ṣì wà láàyè

Ẹ yí mítà sí 20V ti DC, irú iná tí òkúta ń mú wá. Ẹ fi ọwọ́ pupa kan orí òkúta (+), kí ẹ fi dúdú kan ìdí (−). Alkaline tuntun máa ń wà láàárín 1.5V sí 1.6V. Èyí tó bá wà ní nǹkan bíi 1.3V sí 1.4V ti ṣiṣẹ́ díẹ̀, ó ṣì dára fún aago tàbí rìmóòtù. Èyí tó bá ti lọ sílẹ̀ ju 1.2V lọ, ẹ mú un kúrò. Èyí tó bá wà ní 1.0V ti kú, bí ẹ bá sì fi í sílẹ̀ nínú ẹ̀rọ, títú ló kù.

Mítà máa ń tan èèyàn jẹ lọ́nà kan. Òkúta tó ti rẹ̀ lè sinmi, kó sì fi 1.4V hàn, àmọ́ tí ẹ bá gbé ẹrù lé e lórí yóò wó. Bó bá ń ṣe yín bí ẹni pé ó ń purọ́, ẹ fi í sínú tọ́ọ̀ṣì tó ń lo irú rẹ̀, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì náà fún ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ yọ ọ́ kí ẹ wọ̀n ọ́ lójú ẹsẹ̀. Èyí tó bá jìn sílẹ̀ gan-an nínú wọn ni ọ̀lẹ.

Ẹ má fi òṣùwọ̀n alkaline ṣèdájọ́ àwọn yòókù. HR6, èyí tó ṣe é ṣáàjì, 1.2V ni iye rẹ̀, kò burú. FR6 tuntun máa ń fi nǹkan bíi 1.8V hàn, kì í sì í lọ sílẹ̀ gan-an títí yóò fi kù díẹ̀ kó tán, nítorí náà mítà kò lè sọ púpọ̀ nípa rẹ̀.

Bí kò bá sí mítà, ẹ gbé alkaline sókè ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta sórí tábìlì líle, kí ìdí rẹ̀ kọjú sílẹ̀, kí ẹ jù ú sílẹ̀. Tuntun yóò balẹ̀ wọ̀ọ̀, kò ní ta. Èyí tí wọ́n ti lò yóò ta padà sókè, nítorí síńkì inú rẹ̀ ti di zinc oxide, ó ti le. Ẹ má tìtorí pé ó ta kí ẹ sọ ọ́ nù, nítorí kò tíì ju ìdajì lọ tí ó ti ń ta dáadáa. Ohun tí títa rẹ̀ ń sọ ni pé kì í ṣe tuntun mọ́.

Nígbà tí ẹ bá ń pààrọ̀, ẹ pààrọ̀ gbogbo òkúta inú ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n jẹ́ irú kan náà, kó sì jẹ́ pé inú páálí kan náà ni wọ́n ti wá. Ẹ fi bírò kọ oṣù àti ọdún sí ara wọn. Àṣà kékeré ni, àmọ́ ó ń fòpin sí àròyé pé “ṣé mo ti pààrọ̀ èyí?”

Òkúta wo fún ẹ̀rọ wo

Fún aago ògiri àti rìmóòtù, LR6 tàbí LR03 ni. Iná tí wọ́n ń mu kéré, òkúta tó ṣe é ṣáàjì kò ní àǹfààní níbẹ̀. Fún ohun tó ń jẹ iná púpọ̀, bíi ohun ìṣeré tó ń sáré, iná kámẹ́rà, tọ́ọ̀ṣì tí ẹ ń lò lójoojúmọ́, ẹ fi HR6 sí i. Ti àtijọ́ máa ń pàdánù iná rẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀ lórí pẹpẹ, ìdí nìyẹn tí àwọn tó lò ó nígbà náà fi kórìíra rẹ̀. Ní 2005, Sanyo gbé Eneloop jáde, èyí tó ń pa iná rẹ̀ mọ́ fún ìgbà pípẹ́, àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn sì ti ń ṣe irú rẹ̀ láti ìgbà náà. Ẹ wá ṣájà tó ń wo òkúta kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, tí iná rẹ̀ ń yí padà níkọ̀ọ̀kan. Èyí tó ń gba méjì méjì pọ̀, tó sì ń ka wákàtí nìkan, yóò ṣe ọ̀kan ní àṣejù, yóò sì fi èkejì sílẹ̀ láìkún. Ẹ má sì fi LR6 tàbí FR6 sínú ṣájà.

FR6 wọ́n, ṣùgbọ́n àyè rẹ̀ wà: tọ́ọ̀ṣì pàjáwìrì tó lè wà nínú dúrọ́ọ̀ fún ọdún púpọ̀, àti ẹ̀rọ tó máa wà níta nínú òtútù. Ó ń ṣiṣẹ́ títí dé −40 °C, ó fúyẹ́, kì í sì í sábà tú. Alkaline nínú òtútù bẹ́ẹ̀ kò ní mú iná wá, torí omi tó wà nínú rẹ̀ ni iná ń gbà kọjá, òtútù sì ń mú omi náà lọ́ra.

Aago ògiri, àti ẹ̀rọ tó ń ké bí èéfín bá wọlé

Aago ògiri tó ń lo òkúta máa ń kéde ikú òkúta rẹ̀ ní gbangba. Ẹ wo ọwọ́ tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá. Bó bá dé ìtòsí nọ́ńbà 9, tó ń gbọ̀n níbẹ̀, tó ń fò sókè díẹ̀ tó sì ń jábọ̀ sí ojú kan náà, òkúta ti rẹ̀ nìyẹn. Ibẹ̀ ni ọwọ́ náà ti ń gun òkè, tó sì nà gbalaja, nítorí náà ibẹ̀ ni ìwúwo rẹ̀ ti pọ̀ jù fún ẹ̀rọ inú aago láti gbé. Kì í ṣe aago ló bà jẹ́. Ẹ pààrọ̀ òkúta kí ẹ tó tún aago ṣe.

Nígbà tí ẹ bá ń dá wákàtí padà, aago olókùúta ṣe é yí sẹ́yìn láìséwu. Aago àtijọ́ tí a ń fi kọ́kọ́rọ́ wé, tó ń lu wákàtí, ni kí ẹ ṣọ́ra fún: yíyí ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn lè ba ohun tó ń ka ìlù rẹ̀ jẹ́. Ẹ di ohun tó ń mì nínú rẹ̀ mú kó dúró, ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan gbáko, kí ẹ tún mì ín padà.

Ẹ̀rọ èéfín yẹ kí ẹ tẹ bọ́tìnì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Bí òkúta rẹ̀ bá ń tán, yóò máa dún “pí” lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú kan tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, ó sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lóru, nítorí nígbà tí ilé bá tutù, iná òkúta á lọ sílẹ̀ díẹ̀ sí i. Èyí ló ń mú kí àwọn èèyàn fi ìbínú yọ òkúta rẹ̀ jáde lóru, tí wọn kò sì dá a padà mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní ọ̀kan tuntun nílé ṣáájú ìgbà náà. Ẹ tún wo déètì tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀: bó bá ti pé ọdún 10 tí wọ́n ti ṣe é, gbogbo ẹ̀rọ náà ni kí ẹ pààrọ̀, torí ohun tó ń gbóòórùn èéfín nínú rẹ̀ ń darúgbó.

Òkúta pẹlẹbẹ

CR2032 fẹ̀ ní mílímítà 20, ó nípọn ní mílímítà 3.2, nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀. CR2025 fẹ̀ bákan náà, mílímítà 2.5 ni ó nípọn. Yóò wọ ipò CR2032, yóò sì ṣiṣẹ́ lónìí, ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ bá já bọ́ díẹ̀, kò ní kan irin mọ́. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu òkúta náà kí ẹ tó fi í sí i, torí òróró ìka lórí rẹ̀ kì í jẹ́ kí iná kọjá dáadáa. Àwọn kan wà tí wọ́n fi nǹkan kíkorò pa lára kí ọmọdé lè tu ú dà nù. Ó dára, àmọ́ nínú ẹ̀rọ bíi AirTag, ẹ̀rọ kékeré Apple tí wọ́n fi ń wá ohun tó sọnù, nǹkan kíkorò yẹn lè dínà iná. Bí òkúta tuntun bá kọ̀ láti ṣiṣẹ́, ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ fura sí nìyẹn.

Fún àwọn tó fẹ́ràn kámẹ́rà onífíìmù: LR44 àti SR44 rí bákan náà lójú, inú wọn ni kò dọ́gba. Iná LR44 máa ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń kú, ti SR44 sì ń dúró sójú kan títí dé òpin. Kámẹ́rà tó ń fi iná òkúta ṣe òdiwọ̀n ìmọ́lẹ̀ lè ka òǹkà èké pẹ̀lú LR44, kí àwòrán bàjẹ́ láìsí ìdí tí ẹnikẹ́ni mọ̀. Ẹ fi SR44 sí i.

Ewu tó wà níbẹ̀ kọjá ti ẹ̀rọ. Bí ọmọ bá gbé òkúta pẹlẹbẹ mì, tó sì há sí ọ̀nà ọ̀fun, ó lè jó ẹran ibẹ̀ láàárín wákàtí méjì. Ẹ má jẹ́ kó bì, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Bí ọmọ náà bá ti pé ọdún kan, tó lè gbé nǹkan mì, tí kò sì tíì ju wákàtí 12 lọ tó ti gbé òkúta náà mì, wọ́n gbani nímọ̀ràn pé kí wọ́n fún un ní oyin ṣíbí kékeré méjì ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, kó má ju ẹ̀ẹ̀mẹfà lọ, lójú ọ̀nà. Ẹ má dúró wá oyin kiri. Òkúta tó ti kú náà ṣì ní iná tó lè jóni, nítorí náà ẹ fi sẹ́lótéèpù wé e lójú ẹsẹ̀ tí ẹ bá yọ ọ́.

Bátìrì fóònù àti ti kámẹ́rà

Èyí ni lithium-ion, tí Sony kọ́kọ́ gbé wá sí ọjà ní 1991. Ohun tó ń pa á yàtọ̀ sí ti òkúta: kíkún fọ́fọ́ fún ìgbà pípẹ́, òfìfo pátápátá, àti ooru. Bí ẹ bá fẹ́ kó fóònù àtijọ́, dróònù tàbí kámẹ́rà pa mọ́ títí òtútù yóò fi kọjá, ẹ jẹ́ kí bátìrì rẹ̀ wà ní nǹkan bíi 50%, ẹ pa á pátápátá, kí ẹ fi í síbi tó tutù tó sì gbẹ. Èyí tó bá ṣe é yọ, ẹ yọ ọ́. Ẹ tún wò ó lẹ́yìn oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, kí ẹ dá a padà sí ìdajì. Ẹni tó bá kó o pa mọ́ ní 3% lè ṣí i kó bá a pé kò gba ṣáàjì mọ́, nítorí iná rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ kọjá ibi tí ẹ̀ṣọ́ inú rẹ̀ gbà láyè.

Ẹ má ṣáàjì rẹ̀ nígbà tó bá tutù ju 0 °C lọ. Nínú òtútù bẹ́ẹ̀, lithium kì í wọ ibi tó yẹ kó wọ̀, ṣe ló ń dì sórí rẹ̀ bí irin, ìbàjẹ́ yẹn kì í sì í padà. Lílò rẹ̀ nínú òtútù kò burú bẹ́ẹ̀: yóò tètè wó, ṣùgbọ́n bó bá móoru, agbára rẹ̀ yóò padà. Ẹ fi bátìrì kejì sínú àpò tó sún mọ́ ara.

Bí ojú fóònù bá ń ṣí kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí tí bátìrì kámẹ́rà kò fẹ́ jáde níbi tó ti ń jáde tẹ́lẹ̀, ẹ gbé e lé orí tábìlì tó tẹ́jú kí ẹ fi ìka tì í. Bó bá ń yí, ó ti wú nìyẹn. Ẹ pa á, ẹ má ṣáàjì rẹ̀ mọ́, ẹ má gún un, ẹ má sì tẹ̀ ẹ́ kó lè padà wọlé. Ẹ gbé e sórí àwo amọ̀ tàbí sìmẹ́ńtì, kó jìnnà sí aṣọ àti ìwé, títí ẹ ó fi gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gba irú rẹ̀.

Kámẹ́rà tó bá ti òtútù wọlé, ẹ dì í sínú ọ̀rá kí ẹ sì fún ẹnu rẹ̀ pa nígbà tí ẹ ṣì wà níta. Ìrì yóò sẹ̀ sára ọ̀rá dípò ara gíláàsì. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún wákàtí kan sí méjì kí ẹ tó tú u.

Kíkó wọn pa mọ́

Òkúta tó ti kú, ẹ fi sẹ́lótéèpù bo orí rẹ̀ kí ẹ tó jù ú sínú ike. Ti 9V ló ṣe pàtàkì jù, torí + àti − rẹ̀ wà lórí kan náà. Bí kọ́kọ́rọ́ tàbí irun irin tí wọ́n fi ń fọ ìkòkò bá kan méjèèjì, iná lè ràn nínú dúrọ́ọ̀. Agolo onírin kọ́ ni kí ẹ kó wọn sí. Bí ike bá kún, ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń gba bátìrì, kó má dé inú iná tàbí inú ìdọ̀tí ilé.

Ẹ̀rọ tó ń padà sínú àpótí, kí inú ilé òkúta rẹ̀ ṣófo. Ẹ di òkúta tó ṣì dáa sínú ọ̀rá kékeré, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà láti ìta, kí ẹ sì kọ iye òkúta, irú rẹ̀ àti oṣù tí ẹ yọ ọ́ sórí ọ̀rá náà: “LR6, mẹ́rin, oṣù Kẹwàá”.